Yáàdì Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Ààrẹ Pennick

Kí ni a ti mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá? Ẹ rọra ronú kí ẹ tó dáhùn. Ẹnì kan á ní òun mọ̀ pé bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí. Ẹlòmíràn á ní àwọn tó ń gbá a máa ń dé akoto, wọ́n sì máa ń kan ara wọn bí àgbò. Òótọ́ ni. Ẹni tó gbọ́n jù nínú wa á ní, "Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kọ́ nìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e kiri." Òun náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kó jókòó, a ó padà wá bá a.

Ohun tí mo fẹ́ kí á fi kún un kò pọ̀. Yáàdì ni wọ́n fi ń wọn pápá náà, bí aláṣọ ṣe ń wọn aṣọ, yáàdì ẹyọ kan sì lè mú kí àgbàlagbà ọkùnrin sunkún níwájú ìyàwó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá hùwà tí kò tọ́, rẹfirí á ju ìnujú yẹ́lò kan sílẹ̀, wọn a sì sún ẹgbẹ́ ẹni náà sẹ́yìn. Bí ìwà náà bá burú, yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ku ẹyọ kan: bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sókè, tí kò sí ẹni tó hán an, tó já bọ́ sílẹ̀, aago á dúró. Ẹ tún un sọ sí ara yín létí. Bọ́ọ̀lù já bọ́, aago dúró. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ èyí ní Garnet Ford. Ẹ mú un dání dáadáa, torí ọkùnrin kan wà tí kò mú un dání, òun sì ni ìtàn yìí dá lé lórí.

Orúkọ rẹ̀ ni Dókítà Thurlow B. Pennick, Ààrẹ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ostrander, ní ìlú Garnet Ford, ní Nebraska. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo B tó wà láàrin yẹn. Akọ̀wé kan fò ó nínú ìwé ìpè kan, wọ́n ní kó tún irinwó ìwé tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ilé-ìwé ńlá kan ní ìlú ńlá kan ló ti wá sọ́dọ̀ wa, níbi tó ti jẹ́ igbákejì igbákejì ẹnì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ni rí mọ irú rẹ̀. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún, ọjọ́ tí gbohùngbohùn bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kí Ọlọ́run kó àwa olùgbọ́ yọ. Kí oṣù kan tó pé, ó ti ní kí wọ́n fi ínǹṣì mẹ́ta kún àga tirẹ̀ ní yàrá ìpàdé, kí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ àwọn àga yòókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn nípa ewéko, ọkùnrin gíga kan, fi orúnkún ti àgbọ̀n títí sáà fi parí.

Ẹni tó ń bá Ààrẹ rìn ni Curtis Mabry, igbákejì rẹ̀. Lórí ìwé, iṣẹ́ Curtis ni kó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ̀rọ̀ kí wọ́n má gbàgbé ilé-ìwé wọn. Ní tòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sunkún nígbà tí Ààrẹ bá ń sọ̀rọ̀.

"Ààrẹ," ló wí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, "nígbà tí ẹ ní 'Ẹ káàárọ̀' ní ẹnu ọ̀nà, ara mi bù máṣọ."

"Ẹ káàárọ̀ lásán nìyẹn, Curtis. Dúró de Ẹ káàsán."

Ní oṣù Kẹjọ, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ kó gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Ní ọdún tó kọjá, ìdíje mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ wa, Àwọn Ẹfọ̀n, borí nínú mẹ́wàá. Ààrẹ gun orí pèpéle, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbé àgbàdo gbogbo Nebraska mọ́ra.

"Ẹ̀yin ará Ostrander! Mo wo ojú ọ̀run, ojú ọ̀run sì tijú. Mo búra níwájú yín lónìí. Bí Àwọn Ẹfọ̀n kò bá borí nínú ìdíje mẹ́fà, òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí tó bá fà á, ìbáà jẹ́ ẹni tó ga jù, ìbáà jẹ́ ẹni tó kéré jù, yóò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀!"

Curtis bú sẹ́kún. Gbogbo orí yí padà sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, Wes Haldorsen, jókòó sí pẹ̀lú Lorna ìyàwó rẹ̀, tó ń jẹ kóró òdòdó-oòrùn. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ilé kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni wọ́n ń gbé, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ilé náà, ẹni tó bá pàdánù iṣẹ́ ti pàdánù ilé.

"Wes," ni Lorna wí, "ìwọ ló ń bá wí o."

"Mo gbọ́," ni Wes wí. Ó tu èèpo kóró sí ọwọ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ga jù ló kọ́kọ́ dárúkọ."

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ilé wa ni wọ́n ti gbá ìdíje kìíní. Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì dídùn oní-sínámónì jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá tíì tọ́ méjèèjì wò pọ̀, kó dákẹ́ ná.

Láàrin ìdíje, wọ́n máa ń sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọn onífèrè kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ìṣẹ́jú mẹ́jọ nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, nínú oòrùn, pẹ̀lú fèrè idẹ tó tóbi ju ẹlòmíràn lọ nínú wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sórí pápá ni Ààrẹ gba gbohùngbohùn.

"Mo wo koríko yìí," ló wí, "koríko náà sì wò mí padà."

Ó bá koríko wí. Ó bá igi góòlù wí. Ó sọ ìtàn bí òun ṣe ra bàtà àkọ́kọ́. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ó ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gbọ̀n, rẹfirí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó sì ju ìnujú yẹ́lò sílẹ̀ níwájú Ààrẹ. Gbogbo èrò dìde, wọ́n figbe ta.

Ààrẹ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Curtis, kí ni aṣọ tí wọ́n jù síwájú mi yẹn?"

Ẹ wo Curtis dáadáa ní ibi yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì wúwo. Ó kàn níláti tu ú jáde ni.

"Ìyìn ni, Ààrẹ," ni Curtis wí. "Bí ọ̀rọ̀ bá dùn jù, wọ́n máa ń ju nǹkan."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Ààrẹ wí.

Wọ́n sún àwọn ọmọ wa sẹ́yìn ní yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí abala kejì tó bẹ̀rẹ̀. Àmì méjì la fi pàdánù.

Ó wá yẹ kí n fi Mísìsì Idella Krause hàn yín. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni, fún ọdún mọ́kànlélógbọ̀n, tó ń fi pẹ́ńsù kọ yáàdì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sá sínú ìwé ńlá kan. Ìdajì ìlú ló ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kódà Glenn Ruhl, àgbẹ̀ alágbàdo tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń darí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń jíhìn fún, bó bá rí i lọ́nà, yóò yọ fìlà, yóò sì wo èékánná ara rẹ̀ bóyá ó mọ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mísìsì Krause máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ. Ti ọ̀sẹ̀ náà kà báyìí: "Tolliver, M.: sá ọgọ́rin yáàdì síwájú. Pennick, T. B.: sọ yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nù."

Ààrẹ dúró níwájú ìwé náà pẹ́. "Ó kọ B," ló wí. Inú rẹ̀ dùn títí di alẹ́.

Ní ìdíje ilé kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́n. Bí Ààrẹ ṣe yọ, gbogbo wọn pariwo pọ̀: "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Wọ́n fa ìnujú yẹ́lò yọ, wọ́n ń jù ú sókè bí òdòdó. Ààrẹ rò pé oyè tuntun ni. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti fi dúpẹ́. Ní Mọ́ńdè, ó ra ìnujú yẹ́lò tirẹ̀, sílíìkì gidi, ó fi sí àpò àyà kóòtù rẹ̀. Kò bọ́ ọ mọ́.

Àmì mẹ́ta la fi pàdánù ìyẹn. Ìkẹta nílé, àmì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi, ohun ìyanu kan ń ṣẹlẹ̀: bí a bá jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú ẹlòmíràn, níbi tí kò sí ẹni tó fún Ààrẹ ní gbohùngbohùn, a ń borí. Ní ilé epo bẹntiróòlù, ọkùnrin kan bi èkejì rẹ̀ pé, "Ṣé pápá wa ló ní àbùkù ni?"

"Pápá wa dára," ni èkejì wí. "Ẹnu tó wà lórí rẹ̀ ló tóbi."

Wes Haldorsen wọ aṣọ ìsìn rẹ̀ kan ṣoṣo, ó lọ sí ọ́fíìsì Ààrẹ.

"Jókòó, Kóòṣì."

Wes jókòó. Orúnkún rẹ̀ gòkè wá bá etí rẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ọ̀rọ̀ ìnujú yẹn ni mo bá wá."

"Áà, ìnujú! Mẹ́ta ni mo ti gbà. Ẹni tó jẹ Ààrẹ ṣáájú mi, mélòó lòun gbà?"

"Kò gba ìkankan, sà."

"O rí i bí?"

Wes ha orí. "Sà, ìyìn kọ́. Ìjìyà ni. Ogún ìṣẹ́jú ni òfin fún wa. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti kọjá ibẹ̀, àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń sún sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la ti pàdánù, kò sì sí èyí tó ju àmì mẹ́rin lọ."

Ààrẹ yíjú sí Curtis. Curtis ń wo òkè àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Irú ìyìn kan wà," ni Curtis wí jẹ́jẹ́, "tó máa ń jọ ìjìyà."

"Gbọ́ mi, Haldorsen," ni Ààrẹ wí. "Yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Kápẹ́ẹ̀tì tó wọ ọ́fíìsì yìí gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó jẹ ẹran màlúù dàgbà ní Nebraska, tí kò lè sá yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọ̀lẹ ni."

"Ó dáa, sà. Ẹ kúkú jẹ́ kí Mísìsì Krause kọ́ yín ní òfin eré náà. Wákàtí kan péré. Bí aago ṣe ń rìn, ìgbà tó máa ń dúró…"

"Kí obìnrin onípẹ́ńsù wá kọ́ èmi ní aago?" Ààrẹ ká apá kóòtù rẹ̀ sókè. "Mo ní aago, Kóòṣì. Wúrà ni. Kì í dúró."

Wes dìde, ó ṣòro fún un díẹ̀ nítorí àga.

"Má sì gbàgbé," ni Ààrẹ pè tẹ̀lé e, "ìdíje mẹ́fà!"

Nígbà tó délé, Lorna ti to páálí òfìfo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní aago òun kì í dúró."

Lorna gbé páálí kan. "Ṣé kí n ti máa di abọ́?"

"Di àwọn tí a kì í lò ná."

Ní oṣù Kẹwàá, Ọlọ́run rán ọ̀fìnkìn sí Garnet Ford. Kò mú akẹ́kọ̀ọ́, kò mú àgbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun Dókítà Thurlow B. Pennick ló gbà tààrà. Ní ọjọ́ ìdíje ilé kẹrin, ó dúró lórí pápá pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, ó la ẹnu, ohùn kan jáde bí ti ilẹ̀kùn tí wọn kò bu epo sí. Ó juwọ́, ó padà sí ìjókòó. Àwọn onífèrè fọn odidi ìṣẹ́jú mẹ́jọ wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọmọbìnrin kan tó ń fọn fèrè ńlá sì ń sunkún ayọ̀ sínú rẹ̀. Ọgbọ̀n àmì la fi borí. Ní ọjọ́ Àìkú, ó kéré tán ìjọ mẹ́ta ló gbàdúrà pé kí ara Ààrẹ má tètè yá.

Bí sáà ṣe ń lọ sópin nìyí: ìdíje mẹ́sàn-án, a borí nínú márùn-ún. Ó ku ẹyọ kan, nílé, pẹ̀lú Lindqvist.

Lindqvist ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú kejì. Láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa la ti ń bá wọn du garawa wàrà kan tó ti dógùn-ún, tó ti jò nídìí, tí kò lè gba wàrà ife kan. Ẹni tó bá borí ló ń gbé e lọ. Èmi kò ní ṣàlàyé ìyẹn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú tirẹ̀ ohun tí wọ́n ń bá aládùúgbò wọn dù, ẹ ó rí i pé kò yàtọ̀.

Ohùn Ààrẹ ti padà, ó sì padà pẹ̀lú èrò kan. Níwọ̀n bí ìdíje márùn-ún ti bọ́ sọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi idẹ mọ ère òun, kí wọ́n sì kọ ìbúra òun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan kò gbọdọ̀ dín. Oníṣẹ́ ọnà náà kọ́kọ́ mọ ọ́n pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ààrẹ dá a padà. "Ta nìyí?" ló béèrè. Wọ́n bá la ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kẹta oṣù Kọkànlá la ó gbá a, ààrin ìdíje la ó sì ṣí ère. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Wes lọ bá Mísìsì Krause ní ilé rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe olórí àwọn onífèrè.

"Ojú ewé mélòó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀?" ni Mísìsì Krause béèrè.

"Akọ̀wé rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún, mà."

"Ìṣẹ́jú méjì sí ojú ewé kan." Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. "Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, yóò wà ní ojú ewé kẹsàn-án. Ẹ fọn fèrè níbẹ̀."

"Ṣé ká fọn ọ́n sí i lẹ́nu, mà?" ni olórí àwọn onífèrè béèrè.

"Etí ni kí ẹ fọn ọ́n sí. Ẹnu yẹn ò ní àyè."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé, nínú òtútù tó ń já etí, Ààrẹ ṣí ère náà lẹ́bàá pápá. Idẹ náà ń dán, ẹnu rẹ̀ là kalẹ̀ bí ti ẹja. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú ewé kẹsàn-án, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí kókó," ni ọgọ́rin fèrè ké orin kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yí i po, wọ́n ń rìn, wọ́n ń fọn, ó ń bá wọn rìn nítorí kò sí ibòmíràn tó lè gbà, títí wọ́n fi kó o jáde ní pápá. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí ogún pé. Rẹfirí ti ìnujú rẹ̀ padà sí ìbàdí. Inú èrò dùn bí ẹni pé a ti borí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́jọ tó kù ńkọ́, níbo ló wà? Ó wà nínú Ààrẹ. Ó ń hó nínú rẹ̀ bí omi nínú ìkòkò tí wọ́n dé mọ́.

Ìdíje náà le. Tolliver, olórí ẹgbẹ́ wa, sá títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde ní igunpá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, a ní àmì ogún, Lindqvist ní méjìdínlógún, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí wọ́n wà jìnnà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá a wọ àárín igi góòlù láti ibẹ̀ kí wọ́n fi gba àmì mẹ́ta, ọgọ́ta yáàdì ni. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, Ezra Nyquist, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì, kò gbá ọgọ́ta yáàdì rí nínú ayé rẹ̀. Ni wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sókè, jíjìn réré. Gbogbo Garnet Ford gbé ojú sókè. Ọwọ́ mẹ́rin nà sí i. Kò sí èyí tó hán an.

Bọ́ọ̀lù já bọ́.

Kí ni mo ní kí ẹ mú dání?

Aago dúró. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló kù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn mọ̀ ọ́n, wọ́n ń dúró de gbígbá asán kan tí Nyquist yóò gbá tí kò ní débẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i pé bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń sá mọ́, pé aago ọwọ́ òun ṣì ń rìn.

"Curtis, ṣé ó ti parí?"

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí òtítọ́ wà lórí ahọ́n Curtis.

"Ààrẹ, tí ẹ bá ní ó ti parí, ta ló kù tó máa ní kò parí?"

Ààrẹ gbé garawa wàrà sí abẹ́ apá kan, ó mú gbohùngbohùn ní ọwọ́ kejì, ó sì rìn wọ àárín pápá. Wes rí i. Ó ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré. "Sà! Sà, ẹ padà! Ẹ padà ẹ̀yìn ìlà!"

Láti òkè, níbi tí àwọn olùṣírò jókòó sí, ohùn Mísìsì Krause jáde láìsí gbohùngbohùn kankan: "Thurlow! Jókòó!"

Ṣùgbọ́n ó ti ṣí ojú ewé kẹsàn-án. "Bí mo ṣe ń wí," ni ohùn rẹ̀ bú jáde, "kí wọ́n tó da fèrè bò mí, ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí kókó. Èmi ni mo—"

Rẹfirí mẹ́ta ló ju ìnujú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fò lókè, yẹ́lò mẹ́ta, wọ́n rọra balẹ̀ yí bàtà rẹ̀ ká. Ààrẹ wò wọ́n. Ojú rẹ̀ tàn. Kò gba mẹ́ta pọ̀ rí. Ó fa sílíìkì tirẹ̀ yọ ní àpò àyà, ó sì jù ú sí wọn láti fi dá ìkíni padà.

Olórí rẹfirí tan gbohùngbohùn tirẹ̀. "Ìwọlé sórí pápá kí ìdíje tó parí. Onílé. Yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù síwájú, sí ọ̀nà igi góòlù wa. Ezra Nyquist nu gíláàsì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní wọn kì í fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ wò ó. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yí lókè bí ẹyẹ tó ṣìnà, ó kọlu igi góòlù lápá òsì, ó ronú díẹ̀, ó sì ṣubú sínú. Mọ́kànlélógún sí ogún.

A ń gbọ́ gúgúrú tó ń bẹ́ nínú ẹ̀rọ lẹ́nu géètì. Lorna Haldorsen bo ojú. Ó ku ẹyọ kan kí ìdíje mẹ́fà pé. Tolliver jókòó sórí koríko, kò bọ́ akoto.

Ààrẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí òun ló ní gbohùngbohùn. "Haldorsen!" ló wí, ó na ọwọ́ sí ère. "Ìbúra ni ìbúra. Ó wà lára idẹ. Ẹ kà á fún un!"

Mísìsì Krause ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, ìwé ńlá lábẹ́ apá. Kò sí ẹni tó lọ ilé. Nígbà tó dé ìdí ère, ó wo àwọn èèyàn ká.

"Glenn Ruhl."

"Mo wà níbí, mà." Alága ìgbìmọ̀ yọ fìlà.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè."

Glenn kà á. Nígbà tó dé "ìbáà jẹ́ ẹni tó ga jù," ohùn rẹ̀ fà díẹ̀. Ó kà á títí dé "kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀."

"Ó dáa. Gbígbá tí wọ́n fẹ́ gbá, yáàdì mélòó ni tẹ́lẹ̀?"

"Ọgọ́ta, mà."

"Yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Glenn wo ilẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. "Márùndínláàádọ́ta, mà."

"Ṣé ọmọ yẹn lè gbá ọgọ́ta? Nyquist!"

"N kò lè gbá a, mà," ni ọmọ Lindqvist wí láti inú ogunlọ́gọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi á yọ."

"Nítorí náà, Glenn, ta ló fà á?"

"Ààrẹ ni, mà."

"Odidi orúkọ."

"Thurlow B. Pennick, mà."

"O gbà á." Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ìwé rẹ̀.

Ààrẹ la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́, láìsí ọ̀fìnkìn, kò sí ohun tó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ère náà la ẹnu bákan náà, a kò sì mọ èwo ló ń fara wé èwo.

Glenn Ruhl wo ìwọ̀ oòrùn, lókè àwọn pòròpórò àgbàdo. Àgbẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n wò. "Dókítà," ló wí jẹ́jẹ́, "ó ku bí ìdajì wákàtí."

Ó tó Ààrẹ láti kó ẹrù rẹ̀. Lorna fún un ní páálí mẹ́rin láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ní òun kò lò wọ́n mọ́. Àwọn ọmọ Lindqvist gbé garawa wàrà wọn lọ, Wes Haldorsen sì wọlé lọ tú abọ́.

Curtis ńkọ́? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, ó dúró ti Glenn Ruhl. "Alága," ló ń wí, "nígbà tí ẹ ní 'márùndínláàádọ́ta,' ara mi bù máṣọ."

Ère náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà ìrúwé, ẹyẹ ológoṣẹ́ kan kọ́ ìtẹ́ sí ẹnu rẹ̀, ó pa ọmọ mẹ́rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ so ìnujú yẹ́lò mọ́ ère náà lọ́rùn nítorí òtútù.

Ó ku iṣẹ́ tí ẹ ó lọ ṣe. Kò le. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé gbohùngbohùn lé yín lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ níbi ìgbéyàwó, ìbáà jẹ́ ní ìpàdé àwọn òbí, ẹ wá ẹnì kan tí kò bẹ̀rù yín, ẹ fi aago lé e lọ́wọ́, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ojú rẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi í bóyá ìdíje ti parí.